Agbowó-Òde Tí Kò Gba Owó Iṣẹ́: Ẹrù Tuntun Lórí Ẹ̀ka Owó-Orí àti Òwò Ní Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Wa

Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó-orí mẹ́rin ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, ìbéèrè tí ó gba ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé èló ni àwọn yóò máa san. Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n òmíràn wà tí a kò bi ara wa léèrè tó. Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ náà? Ta ni yóò ka òfin, tí yóò ṣe ìṣirò, tí yóò yọ owó náà kúrò lára owó ẹlòmíràn, tí yóò kó o fún ìjọba, tí yóò sì tọ́jú ẹ̀rí fún ọdún pípẹ́ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá ka àwọn òfin náà pẹ̀lú sùúrù yóò rí i pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà já lé léjìká. Àwọn ọkùnrin àti obìnrin díẹ̀ tí wọ́n jókòó sí ẹ̀ka owó-orí àti ẹ̀ka òwò ní àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ará ìjọ, wọ́n sì mọ̀ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 ni ẹrù náà ti wúwo sí i.

Nígbà kan rí, ẹni tí ń gba owó kò sá pamọ́. Oníbodè a jókòó sí ẹnu odi ìlú. Ẹni tí ó bá ru ẹrù dé a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a san owó ibodè, a sì kọjá. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé owó-orí wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀ ní 1918. Nígbà tí owó-orí wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 sí 1969. Ohun yòówù tí ènìyàn ìbáà rò nípa ìjà méjèèjì, àwọn tí ó jà mọ ẹni tí wọ́n dojú kọ. Lónìí, akọ̀wé tí ń yọ owó-orí kúrò nínú owó oṣù wa ni ẹni tí a jọ ń jẹun ọ̀sán. Ìjọba kò san kọ́bọ̀ fún un. Bí ó bá yọ jù, òṣìṣẹ́ yóò bínú sí i. Bí ó bá yọ kù, ìjọba yóò bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan fún irú iṣẹ́ báyìí: agbowó-òde. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé agbowó-òde ayé Róòmù a máa rí tirẹ̀ yọ nínú ohun tí ó gbà. Ti ilé-iṣẹ́ òde òní kò rí nǹkan kan yọ.

Kì í ṣe òjijì ni ẹrù náà dé. Àṣẹ 102 ti ọdún 1993 ni ó dá owó-orí orí ọjà àti iṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí VAT. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1994 ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì di ìdá 7.5 ní oṣù kejì ọdún 2020. Láti 1994 náà ni òfin ti sọ ẹni tí ń tà ọjà di ẹni tí ń gba owó fún ìjọba. Ní 2012 ni ìlànà lórí iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti olówó kan náà ń ta nǹkan fún ara wọn dé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà bá ra kẹ́míkà lọ́wọ́ ìyekan rẹ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó ní láti fi ẹ̀rí hàn pé iye tí àlejò ìbá san ni òun náà san, kì í ṣe pé wọ́n fi owó ọjà bo èrè mọ́lẹ̀. Wọ́n tún ìlànà náà ṣe ní 2018, wọ́n sì fi owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé e fún ẹni tí kò bá kọ ìwé ìkéde rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò, pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá tún fi falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òkèèrè náà kò yọ wá sílẹ̀. Ní 2021, orílẹ̀-èdè 136 fohùn ṣọ̀kan pé owó-orí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá àgbáyé kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn. Nàìjíríà wà lára àwọn mẹ́rin tí kò dara pọ̀ mọ́ wọn nígbà náà, pẹ̀lú Kẹ́ńyà, Pakistan àti Sri Lanka. Síbẹ̀, ìdá 15 kan náà ti wọ inú òfin ọdún 2025: ilé-iṣẹ́ ńlá tí owó-orí rẹ̀ bá dín sí i yóò san ìyókù tí yóò mú un pé. Ẹ̀ka owó-orí ni yóò kọ́kọ́ ṣe ìṣirò náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó yí padà ní 2026. Ilé-iṣẹ́ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí FIRS ti di Nigeria Revenue Service. VAT dúró ní ìdá 7.5, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ lè gba VAT tí ó san lórí iṣẹ́ tí a ṣe fún un àti lórí ẹ̀rọ tí ó rà padà, èyí tí òfin àtijọ́ kò gbà. Ìròyìn ayọ̀ ni fún ẹni tí ń ra ẹ̀rọ olówó ńlá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gba owó náà padà láìní ìwé, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ pé. Iye ìwé tí ẹ̀ka owó-orí ń yẹ̀ wò lóṣooṣù ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó ìdàgbàsókè tí ó jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún èrè ti gba ipò owó-orí ẹ̀kọ́ gíga àti àwọn owó kéékèèké mìíràn tí ilé-iṣẹ́ ń san lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ ti dín díẹ̀, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ fún un.

Owó oṣù ni gbogbo ènìyàn fojú rí. Òfin tuntun sọ pé a kò ní gba owó-orí lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ tí ènìyàn ń gbà lọ́dún. Lẹ́yìn èyí, owó-orí yóò máa gòkè láti ìdá 15 títí dé ìdá 25. Ìdẹ̀rùn àtijọ́ tí wọ́n máa ń yọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ni ìdẹ̀rùn owó ilé: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ènìyàn san, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju 500,000 náírà lọ. Lójú ìwé, ìlà mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọ́fíìsì, ó túmọ̀ sí pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, wọ́n ní láti tún owó oṣù olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa béèrè ìwé ẹ̀rí owó ilé lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ́ pé onílé rẹ̀ kò fún un ní rìsíìtì rí láyé. Ẹni tí ó bá gbé inú yàrá kan ní Muṣin tàbí ní Bẹẹrẹ mọ ohun tí à ń wí.

Èyí kan ilé ìjọsìn pẹ̀lú, ó sì yẹ kí àwọn akápò ìjọ gbọ́ ọ. Òfin kò gba owó-orí lórí ọrẹ àti ìdámẹ́wàá, níwọ̀n ìgbà tí owó náà kò bá ti inú òwò jáde. Ṣùgbọ́n owó oṣù àlùfáà, ti akọ̀wé, ti awakọ̀ àti ti olùṣọ́ ọgbà jẹ́ owó oṣù bí ti ibi iṣẹ́ yòókù. Ìjọ tí ó gba ènìyàn síṣẹ́ ti di agbowó-òde lójú òfin, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù, lójú tiwa, ni pé òfin ti sọ ẹ̀ka owó-orí di olùṣọ́ lórí àwọn tí ń bá ilé-iṣẹ́ ṣòwò. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni ìlànà ti wà pé bí ilé-iṣẹ́ bá ń san owó fún ẹni tí kò ní nọ́mbà owó-orí, ìlọ́po méjì ni kí ó yọ lára owó onítọ̀hún. Òfin tuntun fi kún un: ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ fún owó-orí yóò san ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ó tún sọ pé ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó tí ó ná kúrò nínú èrè rẹ̀ bí ẹni tí ó tajà fún un kò bá gba VAT tí ó yẹ kí ó gbà, tàbí bí ọjà náà bá jẹ́ èyí tí ó wọlé láìsan owó ibodè.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà ń ṣe ọṣẹ. Ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́, ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀rọ sáré lọ sí ọjà, ó ra ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá kan tí òfin ní kí ó gba VAT, ṣùgbọ́n tí kò gbà á. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ọṣẹ jáde, gbogbo ènìyàn dunnú. Nígbà tí ọdún bá yí, akọ̀wé owó-orí kò lè fi mílíọ̀nù mẹ́wàá náà kún ìnáwó. Lójú òfin, ó dà bí ẹni pé èrè ni. Ní ìdá 30 owó-orí ilé-iṣẹ́ àti ìdá 4 owó ìdàgbàsókè, ìrìn àjò ọjà ọjọ́ kan náà ti gba mílíọ̀nù mẹ́ta àti 400,000 náírà mìíràn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ. Ta ni ọ̀gá àgbà yóò ké pè? Akọ̀wé tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rajà ni.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ọjà náà gba ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdírókò wọlé, ìbéèrè kejì dìde. Ṣé a san owó ibodè rẹ̀? Ẹni tí ó mọ ìdáhùn, bí ẹnì kan bá mọ̀ ọ́n, wà ní ẹ̀ka òwò, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú Form M àti ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa, ẹ̀ka méjèèjì kì í rí ara wọn sójú. Owó-orí wà lábẹ́ ọ̀gá ìṣirò owó ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òwò wà lábẹ́ ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí, a sì máa ń fi èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ajẹ́ńtì tí ń gba ẹrù jáde ní Àpápá. Àìrìn pọ̀ ejò ni ń ṣe ikú pa wọ́n. Òfin ti so ẹ̀ka méjèèjì pọ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ ṣì ń sọ wọ́n di àjèjì sí ara wọn.

Ẹ̀ka òwò fúnra rẹ̀ kò sinmi. Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù tuntun dé ní 2023. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Kọ́sítọ́ọ̀mù kéde ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọjà kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ariwo ta, wọ́n dá a dúró nínú oṣù kan náà. Ó tún padà wá ní oṣù kẹjọ, Ilé-Iṣẹ́ Ìṣúná sì tún ní kí wọ́n dá a dúró ní oṣù kẹsàn-án. Ẹni tí ó ti fi owó náà kún iye ọjà rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí ni yóò sọ fún oníbàárà rẹ̀? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí ni ẹ̀rọ tuntun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ń lò, B'Odogwu, tí àwọn ajẹ́ńtì ráhùn nípa rẹ̀ ní 2025 pé ó máa ń dá dúró nígbà tí ẹrù ń dúró tí owó ìdúró sì ń ká. Ètò Fast Track tí ó ń jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí a fọkàn tán gba ẹrù wọn kíákíá ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ètò AEO. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán: ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ ní láti fi hàn pé ìwé òun mọ́, owó òun gún, ibi ìkẹ́rùsí òun sì ní ààbò.

Nọ́mbà tí a fi ń dá ọjà mọ̀ ní ibodè kì í ṣe nǹkan kékeré pẹ̀lú. Láti 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti ń lo owó ibodè kan náà tí ó ní ìpele márùn-ún: òfo, ìdá 5, ìdá 10, ìdá 20 àti ìdá 35. Ẹni tí ó bá kọ nọ́mbà ohun èlò sí ipò ọjà tí ó ti parí iṣẹ́ lè san ìdá 20 dípò ìdá 5. Ẹni tí ó bá sì ṣe òdìkejì rẹ̀ yóò gbọ́ ohùn Kọ́sítọ́ọ̀mù lẹ́yìn tí ẹrù ti kúrò ní èbúté pẹ́, nítorí wọ́n lè padà wá yẹ ìwé wò. Iṣẹ́ onímọ̀ ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ tí a rán lọ sí Àpápá pẹ̀lú fáìlì.

Àwọn oníkòkó ní irú tiwọn. Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó, rọ́bà, kọfí, epo pupa, igi àti àwọn mìíràn kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn bí wọ́n bá ti inú oko tí a pa igbó dá lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 wá. Ìparí ọdún 2024 ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sún un sí 2025, wọ́n tún sún un sí òpin 2026. Ẹni tí ń ra kòkó ní ilẹ̀ Yúróòpù ni òfin náà dì mú, ṣùgbọ́n onítọ̀hún yóò yíjú sí ẹni tí ó tà á fún un. Ìyẹn ni pé akọ̀wé òwò ní ilé-iṣẹ́ tí ń kó kòkó ránṣẹ́ sí òkèèrè ní láti mọ oko tí àpò kòkó ti wá, kí ó sì ní àmì ibi tí oko náà wà gan-an lórí ilẹ̀ ayé, bí ẹ̀rọ tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ ṣe ń fi í hàn. Oko tí ó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ààlà rẹ̀ yíká ni a gbọ́dọ̀ yà.

Ẹ fi ojú inú wo Ìdànrè. Bàbá àgbà ní ègé ilẹ̀ mẹ́ta, ó jogún ọ̀kan, ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ àna rẹ̀, ó ń dá ẹ̀kẹta fún onílẹ̀. Ó kó kòkó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sórí ẹní kan náà nínú oòrùn, ó tà á fún alárà kékeré, alárà kékeré tà á fún alárà ńlá, ó dé Àkúrẹ́, ó dé Èkó. Nígbà tí ó bá dé iwájú akọ̀wé òwò, àpò kan ṣoṣo ni, kò sì lè sọ̀rọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti rán ọ̀dọ́ lọ sí oko pẹ̀lú fóònù láti ya ilẹ̀ àgbẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbàgbé pé àgbẹ̀ ilẹ̀ wa tí ó bá rí ẹni tí ń wọn ilẹ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ronú nípa owó-orí, yóò sì rántí 1968. Ẹni tí a bá rán gbọ́dọ̀ lè jókòó, kí ó kí bàbá, kí ó ṣàlàyé.

Báwo wá ni àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń gbìyànjú láti gbé ẹrù yìí? Àwọn tí ó jẹ́ ti òkèèrè ní òṣìṣẹ́ púpọ̀, wọ́n ní agbẹjọ́rò, wọ́n sì ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti 2012. Àwọn kéékèèké kan ni òfin yọ sílẹ̀. Àárín ni ìyà wà: ilé-iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ ọgọ́rùn-ún tàbí igba, tí akáǹtántì kan ṣoṣo ń ṣe owó oṣù, VAT, owó-orí ilé-iṣẹ́, tí ó sì tún ń dáhùn ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n ra ẹ̀rọ. Kò ya ni lẹ́nu, nítorí ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó fi ẹ̀rọ ṣáájú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni FIRS bẹ̀rẹ̀ ètò pé kí ilé-iṣẹ́ tí ó ń pa bílíọ̀nù márùn-ún náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún máa fi ìwé ọjà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba láti orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ọ̀pọ̀ kò tíì ṣe tán, wọ́n sún un sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá. Láti ìgbà náà, ìjọba ń rí ọjà tí a tà lójú ẹsẹ̀. Ohun tí akọ̀wé máa ń tún ṣe ní òpin oṣù tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ó gbọ́dọ̀ tọ́ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ dára. Ó máa ń rántí, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀rọ ní Ọ̀tà pé kí ó má ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni yẹn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni àṣẹ. A kò rí ilé-iṣẹ́ púpọ̀ tí akọ̀wé owó-orí wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn, tí ó lè sọ pé rárá, tí ọ̀gá yóò sì gbọ́. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ sì rí báyìí ni ìdánwò máa ń dé bá jù: kí ó kọ déètì àná sórí ìwé òní, kí ó wá rìsíìtì wá fún ohun tí kò ní rìsíìtì, kí ó sọ ohun èlò di nǹkan mìíràn lórí ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn tí wọ́n gbà á láyè láti sọ̀rọ̀ ṣáájú kò nílò láti rán an ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A gbàgbọ́ pé ìyẹn ni ìyípadà tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ kejì.

Ìjọba náà ní tirẹ̀ láti dáhùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí òfin bẹ̀rẹ̀, ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin kan dìde pé ẹ̀dà òfin tí wọ́n tẹ̀ jáde yàtọ̀ sí èyí tí àwọn fọwọ́ sí, Ilé Ìgbìmọ̀ sì ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Àwọn ẹ̀ka owó-orí tí ó ti ra ẹ̀dà àkọ́kọ́, tí wọ́n ti fi kọ́ òṣìṣẹ́, tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ní ìlà-ìlà nígbà ọdún Kérésìmesì. Kò tọ́ kí ẹni tí ń bu ìtanràn lé ènìyàn fún ìwé tí ó pẹ́ ní ọjọ́ kan máa fi òfin fúnra rẹ̀ falẹ̀ báyìí.

Fún ilé-iṣẹ́ tí ọdún ìṣirò rẹ̀ ń parí ní oṣù kejìlá, ìwé owó-orí ti ọdún 2026 gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù kẹfà ọdún 2027 tó parí. Ẹni tí kò bá mú un wọlé lásìkò yóò san 100,000 náírà fún oṣù àkọ́kọ́ àti 50,000 náírà fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀ lé e. VAT kì í dúró de òpin ọdún: kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 21 oṣù tí ó tẹ̀ lé oṣù tí a tajà.